Creatinine gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí lisinopril: ṣé ká dá oògùn náà dúró?

Nọ́ọ̀sìÌṣokùn, Ìlésà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan wò, kí a má bàa ṣì í ṣe.

Ọkùnrin ẹni ọdún 54 ni, kòkó ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Kò ní àtọ̀gbẹ. A wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó wálẹ̀ ju 156/98 lọ. Láàbù kan ní Ìlésà kọ creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń tú dànù) 141, eGFR (ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó) 51. Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ tún un ṣe ní Ifẹ̀, àwọn yẹn kọ 1.6, eGFR 56. Ìtọ̀ rẹ̀ lórí sitíríìpù gbé purotéènì 1+ jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ṣúgà. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì fún un, amlodipine 5 mg àti lisinopril 5 mg, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lóòjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìfúnpá ti bọ́ sí 142/88, ṣùgbọ́n creatinine ti di 1.9, potasíọ̀mù sì jẹ́ 5.9. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé èsì, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti fọ́. Ẹnìkan ti sọ fún ẹbí rẹ̀ pé lisinopril ló ń jẹ kíndìnrín rẹ̀ run, wọ́n sì ti ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín kalẹ̀. Dókítà tó kọ oògùn kò ní dé títí di ọjọ́ Ajé.

Èwo ni kí a mú nínú 51 àti 56? Ṣé 1.9 yìí ti tó ohun tí a fi ń dá lisinopril dúró? Potasíọ̀mù 5.9 ńkọ́, ṣé ó lè dúró de ọjọ́ Ajé?


ỌmọLáàbù, Lágere

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àmójútó. Ẹ jẹ́ ká ti ibi potasíọ̀mù mú un, torí òun ni kò ní dúró de ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dórí ẹ̀rọ. Potasíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì pupa fi ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju ti omi ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká. Bí díẹ̀ nínú wọn bá bẹ́, 4.7 lè di 5.9 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò sí nǹkan kan. Kíndìnrín tí agbára rẹ̀ ti dín kù, tí lisinopril tún wà níbẹ̀, lè gbé potasíọ̀mù gòkè lóòótọ́. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà lónìí. Oògùn lisinopril tó kàn lè dúró de èsì yẹn; wákàtí díẹ̀ kò ní pa á lára.

Bí ẹ ṣe máa gbà á ló ṣe pàtàkì jù. Abẹ́rẹ́ 21G ni kí ẹ lò, kì í ṣe tín-ín-rín tí a fi ń gún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí sípíríìtì gbẹ lára awọ kí ẹ tó gún un. Okùn tí ẹ so mọ́ apá kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ má sì ní kó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u, torí iṣan apá tó ń ṣiṣẹ́ ń da potasíọ̀mù tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ fà. Ẹ fa sírínjì pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó dà á sínú ìgò, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn gba ara ìgò wọlé. Fífi ipá tì í gba ojú abẹ́rẹ́ ló ń fọ́ ọ jù lọ.

Olómorí pupa tàbí aláwọ̀ ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀jẹ̀ sí, olómorí elésè àlùkò ni kó gbẹ̀yìn. EDTA tó wà nínú elésè àlùkò, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, potasíọ̀mù wà lára rẹ̀. Ìkán kan péré tó bá bá sírínjì wọ ìgò kejì, potasíọ̀mù á fò sókè, kálísíọ̀mù á já wálẹ̀. Ẹ má sì ṣe da ẹ̀jẹ̀ láti inú elésè àlùkò kún inú pupa nítorí pé pupa kò kún tó. Wọ́n ń ṣe é, ó sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí ẹ bá rí potasíọ̀mù tó ga fíofío pẹ̀lú kálísíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ gan-an lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìgò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí wákàtí méjì tó pé, kí ẹ̀rọ ti yí i, kí omi ẹ̀jẹ̀ ti yà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ń ti ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yí sínú yìnyín, wọ́n ń fi ọ̀kadà gbé e láti Ìlésà wá sí Ifẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Nínú òtútù, sẹ́ẹ̀lì kì í lè fa potasíọ̀mù rẹ̀ padà mọ́, á máa jò jáde láìjẹ́ pé omi ẹ̀jẹ̀ pọ́n lójú ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ yí i níbẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ní ti creatinine, 141 àti 1.6, ọ̀kan náà ni. Láàbù kan fi µmol/L kà á, ìkejì fi mg/dL kà á. Ẹ fi 88.4 pín 141, ẹ ó bá 1.6 níbẹ̀. Fọ́múlà ló ya 51 àti 56 sọ́tọ̀. Fọ́múlà tí wọ́n ń pè ní CKD-EPI, ti 2009 máa ń fi 1.159 sọ eGFR aláwọ̀ dúdú di púpọ̀; ti 2021 ti yọ ìyẹn kúrò. Fún ọkùnrin ẹni ọdún 54 tí creatinine rẹ̀ jẹ́ 1.6, ti 2021 gbé 51 jáde. Ti 2009 gbé 48 jáde, tí 1.159 bá wá wọ̀ ọ́, ó di 56. Ẹ̀rọ tí wọn kò tún ètò rẹ̀ ṣe ló ṣì ń kọ 56. Ẹ mú 51.

Kó tó ṣe òmíràn, kó má jẹ ẹran lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ẹran sísè ń gbé creatinine wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ẹ sì bi í bóyá ó ń lo co-trimoxazole, oògùn apakòkòrò. Trimethoprim inú rẹ̀ ń dí ọ̀nà tí creatinine ń gbà bọ́ sínú ìtọ̀, iye á gòkè láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe kíndìnrín. Ó sì tún ń gbé potasíọ̀mù gòkè.


DókítàKíndìnrín, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀gá láàbù ti sọ èyí tó ṣe kókó. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbẹ̀rù ẹbí, torí ìbẹ̀rù yẹn ló ń gba oògùn tó dára kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ wo asẹ́ ògì. Tí ẹ bá da àgbàdo tí a lọ̀ sórí asẹ́, tí ẹ bu omi sí i, tí ẹ rọra ń fọwọ́ rò ó, ògì á sẹ́, èèrí á kù sókè. Tí ẹ bá wá ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ nítorí kó lè yá, á kúkú yá, ṣùgbọ́n aṣọ asẹ́ á máa fẹ̀ lójú díẹ̀díẹ̀, èèrí á sì máa bá ògì lọ. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní irú asẹ́ yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Òpójẹ̀ tín-ín-rín kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́, òmíràn ń gbé e jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti pa lára àwọn asẹ́ náà, àwọn tó kù a máa gbé iṣẹ́ àwọn tó kú mọ́ tiwọn. Angiotensin, ohun tí ara ń ṣe láti fi fún òpójẹ̀, á fún òpójẹ̀ àbájáde pọ̀, ipá inú asẹ́ á ga, wọ́n á máa sẹ́ jù bó ṣe yẹ. Fún ìgbà pípẹ́, creatinine lè má gòkè rárá, bẹ́ẹ̀ ni albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó dà bí èèrí nínú àkàwé tiwa, ti ń bọ́ sínú ìtọ̀, tí asẹ́ sì ń di àpá.

Lisinopril ń tú òpójẹ̀ àbájáde yẹn. Ipá inú asẹ́ á rọ̀, ohun tí ó ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan á dín kù díẹ̀, creatinine á gòkè díẹ̀. Rírọ̀ tí ipá rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí asẹ́ pẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ asẹ́ ògì yìí ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀, á yé e ju iye orí ìwé lọ.

Ààlà wà o. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí a fi kún un, bí creatinine kò bá gòkè ju 30% lọ, a kì í dá a dúró. Láti 1.6 sí 1.9 jẹ́ 19%. Tirẹ̀ máa tó nǹkan bíi 2.1 kó tó kan ààlà. Bó bá sì kọjá rẹ̀, ìdí la ń wá: ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì tó gbẹ omi ara rẹ̀, oògùn tó ń mú ni tọ̀ tó pọ̀ jù, oògùn ara ríro, tàbí òpójẹ̀ ńlá kíndìnrín tó ti há ní ọ̀tún àti òsì.

Àwọn kan á sọ pé irú oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lára aláwọ̀ dúdú. Tó bá jẹ́ òun nìkan la fi ń lé ìfúnpá wálẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí CREOLE ti 2019, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló mú ìfúnpá wálẹ̀ jù lára wa. Ṣùgbọ́n ti dídáàbò bo asẹ́ yàtọ̀. Ìwádìí AASK, lára aláwọ̀ dúdú 1,094 ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín wọn jẹ́, rí i pé ramipril, tó jẹ́ ẹbí lisinopril, dáàbò bo kíndìnrín ju amlodipine lọ. Nítorí náà, àpapọ̀ tí dókítà yẹn kọ bójú mu.

Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni àyẹ̀wò ìtọ̀. Sitíríìpù 1+ kò sọ iye tó ń jò, torí ìtọ̀ tó ki máa ń gbé e ga, ìtọ̀ tó ṣàn bí omi máa ń fi í pamọ́. Ẹ gba ìtọ̀ àkọ́kọ́ tó bá tọ̀ tó bá jí, kí láàbù wọn albumin àti creatinine inú rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi ìkejì pín ìkíní. Bí albumin bá jẹ́ 300 mg nínú lítà kan, tí creatinine ìtọ̀ jẹ́ gíráàmù 1 nínú lítà kan náà, 300 mg/g nìyẹn. Tí ìtọ̀ yẹn bá ki tí creatinine rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2, 150 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ orí sitíríìpù lè rí bákan náà. Kò tó 30, ó dára. 30 sí 300, asẹ́ ti ń jò. Ju 300 lọ, ó ń jò gan-an. Kí ẹ má gbà á lásìkò ibà, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára, tàbí nígbà tí àrùn wà nínú ìtọ̀. Ìgò sitíríìpù yín ńkọ́? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìdé nínú ọ̀rinrin, èsì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́.

Orúkọ àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni kí ẹ má tíì kọ sínú fáìlì rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ kí a tó kọ ọ́, àfi tí síkáànì bá ti fi àmì ìgbà pípẹ́ hàn: kíndìnrín tó ti súnkì sísàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 9, tí ara rẹ̀ ń tàn funfun ju ẹ̀dọ̀ lọ. Kíndìnrín tó tóbi kò sì túmọ̀ sí pé ara dá, torí àtọ̀gbẹ àti HIV kì í sábà jẹ́ kó súnkì. Ẹ bá a ṣe HIV, hepatitis B àti C, ṣúgà àti iye ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lórí potasíọ̀mù: bí èyí tí ẹ tún gbà bá wà lábẹ́ 5.5, ẹ máa bá lisinopril lọ. Láàárín 5.5 sí 5.9, ẹ wá ohun tó ń gbé e gòkè, ẹ dín lisinopril kù tàbí kí ó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 6.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó lọ sí pàjáwìrì ní Wesley Guild tàbí Ifẹ̀ lónìí, kí wọ́n gbé ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, lé e kíá, kò gbọdọ̀ sùn sílé.


ApòògùnMayfair

Ẹ dákun, ṣé ẹ ti bi í ohun tó ń lò sí ara ríro? Ẹ má bi í pé “oògùn wo lẹ ń lò?”, torí kò ka ìyẹn sí oògùn. Ẹ ní kó kó gbogbo ọ̀rá àti páálí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Dókítà ti ṣàlàyé òpójẹ̀ àbájáde. Àbáwọlé náà ní ohun tó ń ṣí i sílẹ̀, prostaglandin. Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam ń dá prostaglandin dúró, àbáwọlé á há. Nígbà tí lisinopril ti tú àbájáde, tí diclofenac sì ti ti àbáwọlé, kò sí ipá tó máa sẹ́ ohunkóhun mọ́. Tí oògùn tó ń mú ni tọ̀ bá tún wà lára rẹ̀, kíndìnrín lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Potasíọ̀mù á gòkè, ìfúnpá náà á gòkè, torí pé iyọ̀ àti omi á máa dúró sára. Nínú àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sí ọ̀rá kékeré ní ẹsẹ̀ ọ̀nà, ẹ sábà máa ń bá piroxicam tàbí diclofenac pẹ̀lú dexamethasone tàbí prednisolone. Ìdí tó fi ń yá lára kíákíá nìyẹn, ìdí tí ìfúnpá kì í fi gbọ́ràn sí oògùn náà nìyẹn.

Paracetamol ni kó lò fún ara ríro, kó má sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́. Diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara dára ju èyí tí wọ́n ń gbé mì lọ, tó bá jẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lórí orúnkún kan.

Lórí àgbo: ẹ bá mi bi wọ́n ní orúkọ egbò tó wà nínú rẹ̀. Bí akogun bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dà á nù. Ẹ̀yà Aristolochia ni, àwọn ewéko ẹ̀yà náà sì ní aristolochic acid, tó ń sọ ara kíndìnrín di àpá tó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó ń lo egbòogi tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, tí èyí wọ inú rẹ̀, ni kíndìnrín wọn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mọ ewé, ọ̀pọ̀ ewé ló wúlò, ṣùgbọ́n kò sí àgbo tó ń fọ kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń fọ àgbo.

Ohun kan tó máa dé láìpẹ́: amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé kíndìnrín ti kú, furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀, kì í sì í wò ó. Lisinopril tó wà níbẹ̀ máa ń dín in kù. Bó bá ń hú ikọ́ gbẹ́, kí dókítà fi losartan rọ́pò lisinopril. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó má sì padà sí i láé. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ.


Nọ́ọ̀sìÌṣokùn, Ìlésà

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe wí la ṣe gbà á, a yí i lójú ẹsẹ̀: potasíọ̀mù 4.8.

Apòògùn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Diclofenac 50 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí orúnkún. Ó ti dá a dúró. Àgbo náà ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kò tíì kàn án.

Ẹbí tún ń béèrè nǹkan méjì. Wọ́n gbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni àrùn kíndìnrín wà, ṣé kí àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì? Ìyàwó rẹ̀ sì ní kíndìnrín la ní ó ń ṣe é, kí ló dé tí dókítà tún ń sọ̀rọ̀ ọkàn?


OlùwádìíJíìnì, Ifẹ̀

Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbọ́, àbùmọ́ ló wọ̀ ọ́. APOL1 ni jíìnì náà ń jẹ́, orí kúrómósómù 22 ló wà. Purotéènì tó ń ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń pa kòkòrò trypanosome tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Nígbà tó yá, oríṣi kan nínú kòkòrò náà, èyí tó ń fa àrùn oorun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, rí ọgbọ́n fi de purotéènì yìí lọ́wọ́. Ìyípadà méjì nínú jíìnì, G1 àti G2, ló já ìdè náà, àwọn tó ní wọn sì rí ààbò gbà. Ní 2010 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé àwọn ìyípadà yìí kan náà ló ń ba sẹ́ẹ̀lì asẹ́ kíndìnrín jẹ́. Lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú HapMap, iṣẹ́ àkójọ jíìnì àwọn èèyàn àgbáyé, nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà jíìnì náà ló gbé G1.

Ẹ̀dà méjì ni oníkálukú ní, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá. Fún ọdún púpọ̀ a gbà pé ẹni tó gba méjèèjì nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ìwádìí H3Africa tó jáde ní 2024, lára àwọn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, ti yí ìyẹn padà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo fi nǹkan bíi 18% kún ewu àrùn kíndìnrín. Méjì fi 25% kún un. Ti àpá inú asẹ́ tí à ń pè ní FSGS wá ga púpọ̀, 84% lára ẹni tó ní méjì. Nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá nínú ìwádìí náà ló ní méjèèjì, ó sì yẹ kí ẹ sọ èyí fún ẹbí ketekete: ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ni kíndìnrín wọn kò ní bàjẹ́ láéláé. Nǹkan mìíràn sábà máa ń kún un, HIV sì ni èyí tí a mọ̀ jù.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ má wá owó àyẹ̀wò jíìnì kiri. Kò ní yí oògùn bàbá wọn padà, kò sì ní yí ohun tí àwọn fúnra wọn máa ṣe padà. Ìfúnpá, albumin nínú ìtọ̀ àárọ̀ àti creatinine lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kí ọmọ tó ti dàgbà máa ṣe. Ibi tí àyẹ̀wò APOL1 ti wúlò gan-an ni ìgbà tí ọmọ ìyá ẹni bá fẹ́ fi kíndìnrín kan tọrẹ. Ní Ifẹ̀ níbí, tó ti pààrọ̀ kíndìnrín ní 2002, ilé ìwòsàn ìjọba àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà, ìbéèrè yìí tọ́ sí gbogbo ẹbí tó ń ronú nípa rẹ̀, torí ẹni tó ń tọrẹ lè gbé ẹ̀dà méjì láìmọ̀.

Oògùn kan tó dojú kọ APOL1 gan-an, inaxaplin, ti wà nínú ìwádìí. Nínú èyí tó jáde ní 2023, lára èèyàn 13 péré tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, purotéènì inú ìtọ̀ fi nǹkan bíi 48% dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Èèyàn wọn kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúni lórí pé jíìnì tó wọ́pọ̀ tó báyìí láàárín wa ti ní ẹni tó ń wá egbò dẹ́kun rẹ̀.


ÌlùỌkàn, Ìlésà

Ẹ dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn pé ẹni tí eGFR rẹ̀ wà ní 51 súnmọ́ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Kíndìnrín tí kò lè tú iyọ̀ dànù ń fi omi kún inú òpójẹ̀, ìfúnpá á ga, ọkàn á máa ti ẹrù wúwo, ògiri apá òsì rẹ̀ á nípọn. Ògiri tó nípọn máa ń le, kì í tú dáadáa láti gba ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń mí gúlegúle tó bá gun òkè. Bí kíndìnrín bá tún lọ sílẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á dín lára, phosphate á sì máa sọ ògiri òpójẹ̀ di líle bí ẹfun.

ECG lè fi ìnípọn hàn: ẹ ka ìgbì S ní V1, ẹ fi R tó ga jù ní V5 tàbí V6 kún un (àwọn ibi tí wọ́n ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ láyà ni V wọ̀nyí), ju 35 mm lọ, ẹ fura. Ẹ má fi òun nìkan dájọ́ o, ó máa ń parọ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wa. Echo, síkáànì ọkàn, ló ń wọn ògiri fúnra rẹ̀.

Ìfúnpá 142/88 yẹn, báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n? Aṣọ tí à ń wé mọ́ apá, rọ́bà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí 80% apá ká. Lára ọkùnrin alápá ńlá, aṣọ kékeré lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún un, ẹ ó sì máa fi oògùn lé ohun tí kò sí. Kó tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ kó faragbá nǹkan, ẹsẹ̀ kó tẹ́ sílẹ̀, kó má ká ẹsẹ̀ léra, apá kó wà ní ìpele ọkàn lórí tábìlì. Kó má jẹ obì tàbí mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Káféènì wà nínú obì, àwọn tó ń tajà sì máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó wá bá wa. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín. Nílé, kó wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, kó yọ ti ọjọ́ kìíní dànù, kó ro ìyókù pọ̀, kó sì fi iye ìgbà tó wọ̀n ọ́n pín in. 135/85 nílé ti jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Iyọ̀ rẹ̀ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó wà nínú mágí, nínú búrẹ́dì àti nínú kaun tí wọ́n fi se ẹ̀wà tàbí ewédú. Sodíọ̀mù ló pọ̀ nínú kaun náà. Ẹ má sì fún un ní “iyọ̀ tí kò léwu” tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Potasíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò sodíọ̀mù nínú rẹ̀. Níwọ̀n bí potasíọ̀mù rẹ̀ ti jẹ́ 4.8, ẹ má gba ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi àgbọn nìkan ni kó ṣọ́ra fún, torí potasíọ̀mù inú ife kan pọ̀.

Ó ti lé ní 50, eGFR rẹ̀ kò tó 60: atorvastatin 20 mg tọ́ sí i, ohun yòówù kí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.


DókítàKíndìnrín, Ilé-Ifẹ̀

4.8 dùn mọ́ mi nínú. Kó máa lo lisinopril rẹ̀ lọ. Diclofenac ti kúrò, nítorí náà ẹ tún creatinine àti potasíọ̀mù ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Á dára kí ẹ rí i pé 1.9 ti ń padà bọ̀. Bí ìfúnpá bá ṣì ju 130/80 lọ nígbà yẹn, tí potasíọ̀mù kò sì kọjá 5.0, kí dókítà gbé lisinopril lọ sí 10 mg, kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Bí albumin ìtọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 200 mg/g tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ dapagliflozin 10 mg, oògùn àtọ̀gbẹ tí a tún ń fi dáàbò bo kíndìnrín. Nínú ìwádìí DAPA-CKD ti 2020, lára èèyàn 4,304, tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta wọn kò ní àtọ̀gbẹ, ó dín ewu kí kíndìnrín bàjẹ́ gidigidi tàbí kí àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn pa èèyàn kù ní 39%. Òpójẹ̀ àbáwọlé ni ó ń fún díẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí náà creatinine tún lè gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Kó máa fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ṣúgà á wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, èyíun ni ó ń fa ìyún ojú ara.

Ẹ kọ èyí sórí káàdì fún un, ní Yorùbá, kí ìyàwó rẹ̀ lè kà á: ọjọ́ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì, tàbí tí kò lè jẹun, kó má lo lisinopril, kó má lo dapagliflozin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó mu omi iyọ̀ àti ṣúgà. Nígbà tó bá ti jẹun tó sì mu omi dáadáa fún ọjọ́ kan sí méjì, kó padà sí oògùn rẹ̀. Bí ìgbẹ́ tàbí èébì náà bá ju ọjọ́ méjì lọ, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, kó wá bá yín, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.